Ṣé mo lè fi títún ìbọn ṣe kún iṣẹ́ wẹ́dà mi ní Ìjẹ̀bú-Òde?

Ọ̀dọ́mọkùnrin kan kọ̀wé sí mi báyìí: “Ẹ̀gbọ́n, ẹ kú iṣẹ́ o. Ọmọ Ìjẹ̀bú-Òde ni mí, ọmọ ọdún 27. Mo ti gba fúrídọ́mù iṣẹ́ wẹ́dà. Mo máa ń wo àwọn òyìnbó Amẹ́ríkà lórí YouTube tí wọ́n ń tún ìbọn ṣe nínú gáréèjì ilé wọn, wọ́n á ṣe é bí oníbàárà bá ṣe fẹ́ ẹ gẹ́lẹ́, owó gidi ni wọ́n sì ń gbà. Bàbá bàbá mi rọ ìbọn ṣakabùlà nígbà ayé wọn. Ẹ̀gbọ́n bàbá mi tó máa ń gẹṣin ní Ojúde Ọba ti ní àwọn máa kó ìbọn ìdílé wa àti ti àwọn ọ̀rẹ́ wọn wá fún mi. Mo fẹ́ ṣí ṣọ́ọ̀bù kékeré, àtúnṣe ìbọn lápá kan, iṣẹ́ irin lápá kejì. Owó díẹ̀ wà lọ́wọ́ mi. Irinṣẹ́ wo ni kí n kọ́kọ́ rà?”

Àbúrò mi, irinṣẹ́ lo béèrè, ṣùgbọ́n ìbéèrè méjì lo dì sínú ẹrù kan, ọ̀kan nínú wọn sì lè jó èkejì run. Mo ka lẹ́tà rẹ lẹ́ẹ̀mejì kí n tó mú bírò. Ohun tí mo rí nínú rẹ̀ ni ẹni tí ọwọ́ rẹ̀ dá ṣáká, tó mọ iṣẹ́, tí kò fẹ́ jẹ́ wẹ́dà kẹẹ̀ẹ́dógún tó ń ṣe géètì lójú títì kan náà. Ìyẹn dára. Jẹ́ ká kọ́kọ́ tú ti ìbọn palẹ̀.

Àwọn òyìnbó tí ò ń wò yẹn, ìwé wà lára ògiri tí kámẹ́rà kò yà. Láti ìgbà òfin ìbọn Amẹ́ríkà ti ọdún 1968 ni ẹni tó bá fẹ́ máa fi títún ìbọn ṣe jẹun níbẹ̀ ti ní láti gba láísẹ́ǹsì lọ́wọ́ ìjọba àpapọ̀, láti ọ́fíìsì tí wọ́n ń pè ní ATF. Ẹni tó ń tún un ṣe tó ń tà á, láísẹ́ǹsì 01 ni tirẹ̀. Ẹni tó ń ṣe tuntun, 07. Ìbọn tó bá sùn mọ́jú nínú ṣọ́ọ̀bù, ó gbọ́dọ̀ wọ ìwé: nọ́ńbà rẹ̀, ẹni tó gbé e wá, ọjọ́ tó wọlé, ọjọ́ tó jáde. Gáréèjì lo rí, o kò rí ìwé. Òfin tiwọn yọ̀ǹda rẹ̀ fún wọn ni wọ́n ṣe ń ṣe é ní gbangba. Tiwa kò rí bẹ́ẹ̀.

Òfin Ìbọn tiwa ti wà láti ọdún 1959, ọ̀nà mẹ́ta ló sì pín ìbọn sí. Àkọ́kọ́ ni àwọn tí aráàlú kò gbọdọ̀ ní láìjẹ́ pé Ààrẹ fọwọ́ sí i: ìbọn ológun, ìbọn ìléwọ́, pump-action àti irú wọn. Èkejì ni ìbọn ọdẹ àwọn tó rí já jẹ, bí ẹlẹ́nu méjì, èyí tó ń fẹ́ láísẹ́ǹsì. Ẹ̀kẹta ni ṣakabùlà àti àwọn ẹbí rẹ̀ tí à ń ki ẹ̀tù sí láti ẹnu. Ibí ni ọ̀pọ̀ èèyàn ti máa ń ṣìnà, wọ́n á ní ìbọn ìbílẹ̀ ni, ta ló ń béèrè ìwé ṣakabùlà? Òfin ń béèrè rẹ̀. Ṣakabùlà náà ní ìwé àṣẹ tirẹ̀, orúkọ èèyàn kan pàtó ni wọ́n sì ń kọ sínú rẹ̀, wọn kì í kọ “ìdílé.” Bí bàbá àgbà bá ti kú, ìwé tí wọ́n gbà kò jẹ́ tẹ̀gbọ́n bàbá rẹ. Òfin yẹn kan náà ló sì ka ṣíṣe ìbọn, títò ó pọ̀ àti títún un ṣe léèwọ̀ fún ẹni tí ìjọba kò bá yọ̀ǹda fún. Àtúnṣe náà ni mo ń wí o, kì í ṣe rírọ tuntun nìkan. Sípíríǹgì kékeré tó o bá pààrọ̀, àtúnṣe ni.

Wò ó báyìí: bí ẹ̀gbọ́n bàbá rẹ bá kó ìbọn márùn-ún wá fún ọ lọ́sẹ̀ méjì ṣáájú Iléyá, tí ọlọ́pàá sì wọ ṣọ́ọ̀bù rẹ lọ́jọ́ kejì nítorí ọ̀rọ̀ mìíràn pátápátá, ọwọ́ ta ni wọ́n ti bá ìbọn? Òfin ìdigunjalè àti ìbọn sọ pé ẹni tí wọ́n bá ká ìbọn mọ́ lọ́wọ́ láìtọ́, ìtanràn 20,000 náírà tàbí ẹ̀wọ̀n tí kò dín ní ọdún 10, tàbí méjèèjì pọ̀. Owó náírà inú òfin yẹn ti di àtijọ́, ọdún 10 inú rẹ̀ kò tíì di àtijọ́. Láti ọdún 2021 ni ìjọba àpapọ̀ sì ti dá àjọ kan sílẹ̀ tó jẹ́ pé ọ̀rọ̀ ìbọn kéékèèké nìkan ló wà fún, nítorí àdéhùn tí àwọn orílẹ̀-èdè ECOWAS tọwọ́ bọ̀ ní 2006. Ìgbà tí bàbá bàbá rẹ ń fẹ́ ẹwìrì kọ́ la wà yìí. Èmi kì í ṣe lọ́ọ́yà. Bí ó bá ṣì ń jẹ ọ́ lọ́kàn, san owó lọ́ọ́yà kan kó jókòó ka òfin náà pẹ̀lú rẹ, kó sì bá ọ kọ̀wé sí olú-iléeṣẹ́ ọlọ́pàá ìpínlẹ̀ Ògùn ní Eléwéran, Abẹ́òkúta. Títí tí èsì oníwèé yóò fi dé, kí ìbọn kankan má wọ ṣọ́ọ̀bù rẹ, ì báà jẹ́ èyí tí wọ́n ní ó ti kú.

Mo ní ìdí mìíràn tí kò sí nínú òfin. Ilé arọ́ ni wọ́n bí mi sí, ní Rẹ́mọ. Bàbá mi lo owú àti ẹ̀mú títí wọ́n fi dàgbà. Ọdẹ kan gbé ṣakabùlà rẹ̀ wá nígbà tí mo wà ní kékeré. Bàbá mi gbé e sójú oòrùn, wọ́n yí i, wọ́n fi èékánná họ ibì kan níhà ìdí ẹnu rẹ̀, ìlà tín-ín-rín kan bí irun orí wà níbẹ̀. Wọ́n dá a padà fún un, wọ́n ní kó fi ṣe ọ̀ṣọ́ ilé. Ọdẹ bínú, ó gbé e lọ sọ́dọ̀ alágbẹ̀dẹ mìíràn, onítọ̀hún sì bá a lẹ̀ ẹ́. Níbi ìsìnkú ọdẹ ẹgbẹ́ rẹ̀ ló ti yìn ín, ó bẹ́ sí i lọ́wọ́, ìka méjì lọ. Alágbẹ̀dẹ tó lẹ̀ ẹ́ ni wọ́n wá gbé, òun tó gbowó táṣẹ́rẹ́ lórí iṣẹ́ náà. Ìwọ tí o mọ irin, o mọ ìdí tó fi bẹ́: irin tó ti sán kì í gbàgbé, iná tí o bá tún dà lé e lórí á mú kí ẹ̀gbẹ́ ibi tí o jó rọ̀ tàbí kó gan, ojú rẹ kò sì lè rí inú rẹ̀. Bí géètì bá já, a ó tún un jó. Ìyẹn kò ṣeé sọ nípa ọwọ́.

Bí ó bá jẹ́ pé ìbọn gan-an lọkàn rẹ fẹ́, ọ̀nà tó mọ́ wà. Iléeṣẹ́ tó ń ṣe ohun ìjà fún ìjọba, DICON, ti wà ní Kàdúná láti ọdún 1964, òfin tuntun tí wọ́n buwọ́ lù ní 2023 sì ti ṣí ilẹ̀kùn fún àwọn aládàáni láti bá wọn da òwò pọ̀. Ológun àti ọlọ́pàá náà ń kọ́ àwọn tó ń tọ́jú ìbọn wọn. Iṣẹ́ oṣù nìyẹn, kò bá ṣọ́ọ̀bù ara ẹni mu, ṣùgbọ́n ọmọ èèyàn á sùn nílé rẹ̀. Mo fura ṣá pé ohun tó ń fà ọ́ mọ́ra nínú fídíò wọ̀nyẹn ni bí wọ́n ṣe ń wọn nǹkan dé ìdá ọgọ́rùn-ún mílímítà, tí irin méjì á wọnú ara wọn láìmi. Ìyẹn ṣeé tà ní Ìjẹ̀bú láìsí ìwé Eléwéran.

Má fi géètì àti bọ́gílárì bẹ̀rẹ̀, tàbí kí n sọ pé má fi ṣe orí iṣẹ́. Wọ́n á máa gbé e wá, gbà á, ó ń sanwó iná. Ṣùgbọ́n gbogbo ọmọ iṣẹ́ tó gba fúrídọ́mù lánàá ló ń ṣe é, oníbàárà á sì máa fi iye tẹnìkan dá ọ lóhùn. Wo ohun tí ilẹ̀ wa ń ṣe dáadáa. Gàrí Ìjẹ̀bú ni. Wọ́n á rin ẹ̀gẹ́, wọ́n á jẹ́ kó kan fún ọjọ́ mélòó kan, wọ́n á fún un gbẹ, wọ́n á sẹ́ ẹ, wọ́n á yan án. Ìpele kọ̀ọ̀kan ló ní irin tirẹ̀, ìpele kọ̀ọ̀kan ló sì ń ba irin náà jẹ́. Omi ẹ̀gẹ́ kíkan yẹn, ásíìdì ni. Irin lásán tí a fi ọ̀dà kùn á ta ìpẹ́pẹ́ láàárín oṣù díẹ̀, á bẹ̀rẹ̀ sí í dógùn-ún. Ẹni tó ń fi epo pupa sí gàrí lè má tètè rí i. Gàrí tiwa funfun ni. Ìyá kan ní Ìjẹ̀bú-Igbó bu ẹ̀kúnwọ́ kan, ó tẹ́ ẹ sórí àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀, ó fi ìka kékeré ya èérún dúdú mẹ́ta sọ́tọ̀, ó ní, “Wẹ́dà, irin rẹ ni oníbàárà mi ń jẹ.” Ọdún yẹn ni mo bẹ̀rẹ̀ sí í fi sítéńlẹ́ẹ̀sì 304, irin tí kì í dógùn-ún bọ̀rọ̀, ṣe gbogbo ibi tí ẹ̀gẹ́ ń fara kàn.

Sítéńlẹ́ẹ̀sì ní ọgbọ́n tirẹ̀, òun ló sì máa yà ọ́ sọ́tọ̀. Bí o bá fi ẹlẹ́kítíróòdù 6013, ọ̀pá ìjórin tí a fi ń ṣe géètì, jó o, ojú ibi tí o jó á dógùn-ún bí ẹni pé o kò ra sítéńlẹ́ẹ̀sì rárá. 308L ló ń fẹ́. Díìsì tí o ti fi gé irin lásán, má fi kàn án. Búrọ́ọ̀ṣì onírin tí o fi ń fọ géètì, má fi kàn án pẹ̀lú, nítorí ìyẹ̀fun irin á lẹ̀ mọ́ ọn lára, ipata á sì ti ibẹ̀ bẹ̀rẹ̀. Ní ṣọ́ọ̀bù mi, ọ̀dà pupa wà lára ìdí búrọ́ọ̀ṣì ti sítéńlẹ́ẹ̀sì, ọmọ iṣẹ́ tó bá ṣèèṣì fi kan irin mìíràn, òun ló máa ra omíràn. Ó nira, mo mọ̀.

Ti ẹ̀rọ ìfún-gàrí ni kí n fi àṣìṣe ara mi kọ́ ọ. Èyí àkọ́kọ́ tí mo ṣe, áńgù áyọ́nù ni mo fi ṣe igi ìdábùú òkè, mo jó o mọ́ àárín òpó méjì, mo sì rò pé ó ti le. Jáàkì tọ́ọ̀nù 20 ni wọ́n gbé sábẹ́ rẹ̀. Àbúrò, ṣé o mọ tọ́ọ̀nù 20? Àpò sìmẹ́ǹtì 400 ni, tó ń ti igi ìdábùú yẹn láti ìsàlẹ̀ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Ẹ̀ẹ̀kẹjọ tí ọmọkùnrin tó ń lò ó fa apá jáàkì, áńgù áyọ́nù bẹ̀rẹ̀ sí í yí lọ́rùn. Apá méjì péré ló ní, ẹrù kò lè gba àárín rẹ̀ kọjá gbọọrọ, yíyí ló máa ń yí. Jáàkì yọ̀ gẹ̀ẹ́, ó fò kọjá lẹ́gbẹ̀ẹ́ itan ọmọ náà, ó lu ògiri. Ọlọ́run ló yọ wá. Mo dá owó padà, mo sì gbé ẹ̀rọ náà délé lọ wò ó fún ọ̀sẹ̀ kan. Láti ọjọ́ náà, chánẹ́ẹ̀lì méjì ni mo máa ń kọ ẹ̀yìn wọn síra, kí agbára jáàkì lè wá sí àárín gbùngbùn. Èkejì, mi ò jẹ́ kí ojú jíjó nìkan di ẹrù náà mú mọ́. Mo máa ń jẹ́ kí òpó ga kọjá igi ìdábùú, kí n wá fi irin nínípọn dí i lókè, kí igi ìdábùú máa ti irin yẹn. Jíjó kàn ń mú un dúró sáyè rẹ̀ ni. Kí ó tó kúrò ní ṣọ́ọ̀bù, èmi fúnra mi ló ń fa jáàkì rẹ̀ dé òpin, tí gbogbo èèyàn á sì dúró lẹ́yìn ògiri.

Ibi tí òye ìdá ọgọ́rùn-ún mílímítà rẹ á ti jẹ owó ni ẹ̀rọ ìrin-ẹ̀gẹ́. Ìlù tó ń yí nínú rẹ̀, páànù tí a fi ìṣó lu ní ihò wẹ́wẹ́ la wé mọ́ ọn. Bí ọ̀pá àárín rẹ̀ bá wọ́ díẹ̀ báyìí, gbogbo ẹ̀rọ á máa gbọ̀n, bẹ́árì á jẹ, bẹ́líìtì á máa já. Àwọn ìyá á máa bú ẹ́ńjìnnì, ẹ́ńjìnnì kò mọwọ́ mẹsẹ̀. Wẹ́dà tó bá mú ọ̀pá náà lọ sórí léèsì, ẹ̀rọ tó ń yí irin kí a lè fá a, tó fà á tọ́, tó fi vernier, irinṣẹ́ tó ń wọn nǹkan dé ìdá mílímítà, wọn ibi tí bẹ́árì máa jókòó sí, ẹ̀rọ tirẹ̀ á máa dún bí ẹni ń kùn. Páànù náà á sì kú mọ́ ẹ̀gẹ́ lẹ́yìn ìgbà díẹ̀, wọ́n á tún padà wá wé tuntun. Oníbàárà tó ń padà wá láìbínú ṣọ̀wọ́n nínú iṣẹ́ irin. Géètì, ẹ̀ẹ̀kan ni.

Irinṣẹ́ wàyí. Ẹ̀rọ wẹ́dì ínfátà ti 200 ámpìà tó dára tó fún ọ. Ó fúyẹ́, o lè gbé e dé abúlé, kò sì ń jẹ iná bíi ti àwọn ẹ̀rọ tí wọ́n ń fi wáyà wé níbí. Ẹlẹ́kítíróòdù mílímítà 2.5 kì í sábà béèrè ju ámpìà 60 sí 90 lọ, 3.2 á gba bí 90 sí 130, nítorí náà má jẹ́ kí ọlọ́jà fi 400 tí wọ́n kọ sára páálí tàn ọ́. Jenerétọ̀ kékeré onírópù tí gbogbo ilé ní kò ní gbé e. Wá èyí tó tó bíi kílófólíáńpìà (kVA) 5. Ẹ̀rọ fáílìn tí a fi ń gé irin, tí a sì fi ń họ ọ́, méjì, kí ọ̀kan lè wà fún sítéńlẹ́ẹ̀sì. Tábìlì irin tí ojú rẹ̀ tẹ́jú gidi, tí ìwọ fúnra rẹ á ṣe, nítorí lórí tábìlì wíwọ́ ohun gbogbo á wọ́. Vernier caliper. Mo ní kí o rà á kí o tó ra irin, ìdí rẹ̀ rèé: wọ́n á tà á fún ọ pé géèjì 16 ni, èyí tó yẹ kó nípọn tó mílímítà 1.5, o bá wọn ọ́n, 1.2 ni. Bí o bá ti fi iye géèjì 16 gbowó lọ́wọ́ oníbàárà, ìwọ lo jẹ gbèsè ìyókù. Léèsì, má tíì rà á. Ó wọ́n, ó sì ń fẹ́ iná tó dúró. Gbé ọ̀pá lọ bá ẹni tó ní in, sanwó, kí o sì dúró tì í wò.

Ara rẹ náà irinṣẹ́ ni. Páànù gàfánáìsì tí o máa jó pọ̀ níbi tí ẹ̀gẹ́ kò ti kàn lára ẹ̀rọ yìí, síńkì ló wà lójú rẹ̀, èéfín funfun rẹ̀ á gbé ibà fún ọ ní alẹ́ ọjọ́ náà: òtútù, ẹ̀fọ́rí, ẹnu á sì dà bí ti ẹni tó lá irin. Àwa wẹ́dà máa ń ní ká mu mílíìkì. Mo mu agolo mílíìkì títí, ibà kò gbọ́. Fáìlì síńkì náà kúrò ní ibi tí o fẹ́ jó, kí o sì dúró síbi tí afẹ́fẹ́ ti ń gbé èéfín lọ kúrò níwájú rẹ. Gíláàsì dúdú inú àṣíborí, 10 tàbí 11. Ojú tí iná wẹ́dì bá jó kì í dùn títí di òru, ìgbà náà ló máa dà bíi pé wọ́n da iyanrìn sí i. Bí ṣọ́ọ̀bù rẹ bá sì súnmọ́ títì márosẹ̀ lápá Ògèrè tàbí Ṣágámù, awakọ̀ á gbé táǹkì wá, á ní epo ti tán nínú rẹ̀ látàná. Táǹkì tí epo tán nínú rẹ̀ léwu ju èyí tó kún lọ, nítorí òórùn epo tó dà pọ̀ mọ́ afẹ́fẹ́ ló ń gbiná. Má fọwọ́ kàn án. Jẹ́ kó máa bú ọ lọ.

Owó: gba ìdá méje nínú mẹ́wàá kí o tó ra irin, pàápàá lọ́wọ́ ẹbí. Kọ ọ́ sílẹ̀. Iye irin ń yí lọ́sẹ̀ lọ́sẹ̀ débi pé iye tí mo bá kọ síhìn-ín á ti di irọ́ kí o tó kà á tán, nítorí náà máa kọ ọ́ sórí ìwé ìdíyelé pé ọjọ́ mẹ́ta ló fi dúró. Àlòkù irin tí wọ́n bá gbé wá ní òru, tàbí tó jọ ìdérí gọ́tà, tàbí irin afárá, má rà á. Ẹjọ́ ẹrù olè kò yàtọ̀ púpọ̀ sí ti ìbọn. Lọ forúkọ òwò sílẹ̀ ní CAC, kí o sì lọ ṣe trade test, ìdánwò iṣẹ́ ọwọ́ ti ìjọba, nítorí iléèwé àti iléeṣẹ́ tó bá fẹ́ gbéṣẹ́ fún ọ á béèrè rẹ̀.

Ṣé kí o ṣí ṣọ́ọ̀bù báyìí? Bí owó rẹ bá tó ra irinṣẹ́ tí mo kà yìí, tí owó ilé ọdún kan sì ṣẹ́kù, ṣí i. Bí kò bá tó, mo fara mọ́ ọn pé kí o lọ fi ọdún kan ṣiṣẹ́ lọ́dọ̀ ẹni tó ní léèsì, bó tilẹ̀ jẹ́ pé owó ọ̀sẹ̀ rẹ̀ kò ní dùn mọ́ ọ. O ti gba fúrídọ́mù, ìgbéraga á fẹ́ dí ọ lọ́wọ́. Ó dí èmi náà. Ọgbọ̀n ọdún ó lé díẹ̀ ni mo jẹ́ kí n tó kọ́ bí wọ́n ṣe ń fa ọ̀pá tọ́, lọ́wọ́ ọmọkùnrin tí mo fi ọdún mẹ́fà jù lọ. Ọ̀nà kẹta, kí ìwọ àti ọ̀rẹ́ kan jọ gba ilé, wò ó dáadáa kí o tó ṣe é. Ilé ni kí ẹ pín, ẹ má pín ẹ̀rọ. Ẹ̀rọ alájọni kì í ní ẹni tó ń pààrọ̀ búrọ́ọ̀ṣì kábọ́ọ̀nù inú mọ́tò rẹ̀ bó bá jẹ tán.

Ó ku ẹ̀gbọ́n bàbá rẹ. Àgbàlagbà ni, o kò lè sọ fún wọn lójú pé o kò ṣe. Kó tó di pé Iléyá dé, lọ kí wọn nílé, dọ̀bálẹ̀, kí o ní, “Bàbá, ìbọn ń fẹ́ ìwé tí n kò ní, ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí n wo gàárì yín.” Mo ti rí irin ìkẹ́sẹ̀ àwọn ẹlẹ́ṣin wọ̀nyẹn ní Ojúde Ọba: òmíràn fún bàtà mọ́lẹ̀, òmíràn gùn ju èkejì rẹ̀ lọ, òmíràn sì ti dógùn-ún débi tó ń pa agbádá lára. Sítéńlẹ́ẹ̀sì, kí o tẹ ìsàlẹ̀ rẹ̀ fífẹ̀ kí ẹsẹ̀ lè balẹ̀, kí o fáìlì gbogbo etí rẹ̀ kó dán, kí o fi létà orúkọ ìdílé gún un lẹ́gbẹ̀ẹ́. Mú vernier rẹ dání lọ, kí wọ́n wọ bàtà tí wọ́n máa fi gẹṣin, kí o wọn fífẹ̀ rẹ̀, kí o sì fi ìka kan kún un ní ẹ̀gbẹ́ kọ̀ọ̀kan, kí ẹsẹ̀ lè tètè yọ bí ẹṣin bá gbé wọn ṣubú.